Warri Lódìkejì Omi: Ìtàn Ilẹ̀ Iwere láti Ijala dé Koko

Bí àlejò bá ní kí wọ́n mú òun rìn yí Warri ká láti wo àwọn ibi àtijọ́ rẹ̀, kí ẹni tó ń mú un rìn má wulẹ̀ wá mọ́tò. Miller Waterside ni kí wọ́n gbà lọ, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìgboro tí gbogbo wa mọ̀ sí Warri lónìí, bí a bá yọ àwọn àdúgbò bí Okere àti Agbassa tó ti wà tipẹ́ kúrò, ọwọ́ ìjọba òyìnbó ló ti di ìlú ńlá lẹ́yìn 1890. Ibi tí ìtàn ti ṣẹ̀ fọ́n káàkiri àárín odò àti igbó ẹ̀gbà: Ijala, níbi tí wọ́n ń sin àwọn ọba sí; Ode-Itsekiri, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Big Warri, níbi tí wọ́n ti ń fi ọba jẹ; Ugborodo lẹ́nu òkun; Ebrohimi, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sọ di ahoro; àti Koko, níbi tí Nana Olomu, ìjòyè oníṣòwò, kọ́ ilé tó kú sí.

Ó yẹ kí àwa Yorùbá mọ àwọn ibi wọ̀nyí ju bí a ti mọ̀ wọ́n lọ. Títí di 1963, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn ni Warri wà, èdè àwọn Ìṣẹ̀kírì tó ni ìtẹ́ ibẹ̀ sì bá tiwa tan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìbátan nìkan ni mo ṣe ń kọ èyí. Ìtàn ilẹ̀ náà fi ohun kan hàn tí kò hàn tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn àwọn ìlú orí ilẹ̀: ní Iwere, ìjọba àwọn Ìṣẹ̀kírì, agbára ń tẹ̀ lé ọjà, ọjà sì ń tẹ̀ lé omi. Gbogbo ìgbà tí ojú ọjà bá ṣí kúrò níbì kan, ìjọba náà á ká ẹní rẹ̀, á bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ibi àtijọ́ ibẹ̀ fi jìnnà síra wọn bẹ́ẹ̀.

Kí ọmọ ọba Bìní kankan tó gúnlẹ̀ sí àgbègbè náà, ènìyàn ti ń gbé ibẹ̀. Lórí èyí, ìtàn àtẹnudẹ́nu àti ìwé kò ta ko ara wọn. Ibi tí àwọn ènìyàn náà ti wá ni ọ̀rọ̀ kò ti ṣọ̀kan. Àwọn ará Ugborodo, lẹ́nu odò Escravos, ní Ìjẹ̀bú ni àwọn baba ńlá àwọn ti gbéra. Àwọn ará Omadino ní Bìní ni tiwọn. Àwọn ìletò mìíràn ní ìtàn tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. William Moore, ọmọ Ìṣẹ̀kírì tó tẹ ìwé ìtàn ilẹ̀ náà jáde ní 1936, kó púpọ̀ nínú àwọn ìtàn wọ̀nyí jọ lẹ́nu àwọn àgbà, kò sì fi tipátipá so gbogbo wọn mọ́ orísun kan. Mo gba tiẹ̀. Etí òkun ni ibẹ̀, ẹnu odò márùn-ún mẹ́fà sì ṣí sílẹ̀ láàárín Ìlàjẹ àti ilẹ̀ Ijaw; ẹni tó ń wá ẹja, ẹni tó ń sá fún ogun àti ẹni tó ń wá ọjà lè ti ibi gbogbo wọ̀ ọ́.

Èdè wọn jẹ́rìí sí apá kan ọ̀rọ̀ náà. Àwọn onímọ̀ èdè kó èdè Ìṣẹ̀kírì, Yorùbá àti Igala sínú agbo kan. Yorùbá tó bá gbọ́ orúkọ bí Eyitemi, Omatsola tàbí Oritsetimeyin kò ní béèrè ògbufọ̀ kó tó mọ ibi tí ìtumọ̀ wọn dojú kọ. Ṣùgbọ́n kí olúwarẹ̀ wọ ààfin, Bìní ló máa gbọ́. Ogiame, oríkì tí wọ́n fi ń kí ọba, èdè Ẹ̀dó ni, ó túmọ̀ sí ọba omi. Oyè Iyatsere àti Uwangue náà ní ẹgbẹ́ wọn láàfin Bìní. Ohun tí èyí fi yé mi ni pé àwọn ènìyàn kan tí èdè wọn bá Yorùbá tan ti wà lórí ilẹ̀ kí ìlànà ọba jíjẹ tó ti Bìní wọlé, àti pé àwọn tó wọlé pẹ̀lú ìlànà náà kò pọ̀ tó láti yí èdè ilé padà.

Ẹni tó mú ọba jíjẹ wá ni Ginuwa, tí àwọn Bìní ń pè ní Iginuwa, ọmọ Ọba Olua. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Ode-Itsekiri ni pé àwọn ìjòyè Bìní kò fẹ́ ọmọ náà, wọn kò sì fẹ́ kó jọba. Olua wá dá ọgbọ́n. Ó ní kí àwọn ìjòyè yọ̀ǹda àwọn àrẹ̀mọ wọn, 70 lápapọ̀, kí wọ́n lọ rúbọ létí omi. Ó fi Ginuwa sínú àpótí ńlá kan, ó ní ohun ìrúbọ ni. Wọ́n dé etí omi, àpótí ṣí, ọmọ ọba bọ́ síta. Nígbà tí Bìní mọ̀ pé wọ́n ti tan àwọn jẹ, omi ti wà láàárín wọn. Jacob Egharevba, òpìtàn Bìní, gba pé Olua rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ olómi pẹ̀lú àwọn ọmọ ìjòyè, nítorí pé aráàlú kò fẹ́ràn ọmọ náà, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, Bìní ló fi ìjọba náà lélẹ̀. Lójú Ìṣẹ̀kírì, ẹni tó sá kúrò nílé kò gba àṣẹ ilé mọ́. Ibi tí ìtàn méjèèjì ti yapa nìyẹn, ọ̀rọ̀ òmìnira ló sì wà nídìí rẹ̀: ṣé ọmọ abẹ́ Bìní ni Iwere, àbí ìjọba tó dá dúró láti ọjọ́ kìn-ín-ní?

Ọdún 1480 tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ọdún tí ìjọba náà bẹ̀rẹ̀ bá ìgbà tí Egharevba fún Olua mu. Ìṣirò ni, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ Potogí tó kọ̀wé nípa etí òkun yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500, sọ̀rọ̀ nípa odò Forcados àti àwọn ènìyàn tó yí i ká. Ó dárúkọ àwọn Ijaw, ó dárúkọ àwọn tó pè ní Subou, tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé Urhobo ni, ó tún dárúkọ Huela, tí àwọn kan rò pé ó lè jẹ́ Ìṣẹ̀kírì. Kò sọ̀rọ̀ nípa ọba ńlá kankan. Ó lè jẹ́ pé ìjọba náà ṣì kéré nígbà náà, ó sì lè jẹ́ pé kò wọ ẹ̀ka odò tó dé ọ̀dọ̀ ọba.

Ìtàn gbà pé Ginuwa kò tètè rí ibi jókòó sí. Ó kọ́kọ́ dúró ní Amatu lẹ́bàá òkun, ó ṣí kúrò, ó dúró níbòmíràn, ó tún ṣí, kó tó wá dé Ijala, níbi tó kú sí tí wọ́n sì sin ín sí. Láti ìgbà náà ni Ijala ti di ibi ìsìnkú àwọn Olú, orúkọ oyè ọba Iwere. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ṣí lọ sí Ode-Itsekiri. Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣí kiri? Ẹni tó bá wà lẹ́nu òkun gan-an rí iyọ̀ àti ẹja, ṣùgbọ́n kò rí iṣu, kò sì rí omi dídùn tó bó ṣe fẹ́. Ẹni tó bá wọ inú jù, òkun bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ode-Itsekiri wà láàárín méjèèjì. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ lè lọ pàdé àwọn Urhobo tó ní iṣu àti epo, ó sì lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹnu Forcados àti Escravos. Ẹja gbígbẹ, ìkòkò amọ̀ àti iyọ̀ ni Ìṣẹ̀kírì fi ń ra oúnjẹ ilẹ̀. Òwò yẹn ti wà kí òyìnbó tó dé, òun ló sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ alárinà tí wọ́n wá bá òyìnbó ṣe.

Ní àwọn ọdún 1570, àwọn àlùfáà Augustine dé láti São Tomé. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọba kan, wọ́n sọ ọ́ ní Sebastião. Òun ni Olú Atorongboye. Wọ́n pe ibùdó wọn ní Santo Agostinho. Ní nǹkan bí 1600, Sebastião rán ọmọ tirẹ̀, Domingos, lọ sí Pọ́túgà láti kàwé, ọmọ náà sì lo bí ọdún mẹ́wàá níbẹ̀ kó tó padà pẹ̀lú ìyàwó Potogí. Òun ló wá jọba tí wọ́n ń pè ní Atuwatse Kìíní. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Warri lónìí ni pé ó gba oyè ní Coimbra ní 1611, àti pé òun ló gbé adé tí àwọn Olú ń dé wálé láti Pọ́túgà. Alan Ryder, òpìtàn tó tú àwọn ìwé ilé ìpamọ́ Potogí àti ti Róòmù wò, tó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1960, fi hàn pé ọba rán ọmọ náà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kí ìsìn lè fìdí múlẹ̀ nílé. Méjèèjì kò jìnnà síra. Èyí tó ya ara wọn jù ni ọ̀rọ̀ ìyàwó. Ìtàn ilé ní ọmọ ìjòyè Pọ́túgà ni, Domingos ló sì fẹ́ ẹ ní òkè òkun. Merolla, àlùfáà Capuchin ará Ítálì tó kọ̀wé lẹ́yìn náà nínú ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn kan náà, sọ pé àwọn Capuchin ló ránṣẹ́ sí São Tomé láti wá obìnrin aláwọ̀ funfun fún ọba Warri, kó lè fi ọ̀pọ̀ ìyàwó sílẹ̀. Àwọn Capuchin kò dé Warri títí di àwọn ọdún 1650. Ó ṣeé ṣe kí Merolla gbọ́ ìtàn ọba kan kó fi lé òmíràn lórí, ó sì ṣeé ṣe kí ìgbéyàwó irú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Kí ni ọba Iwere ń wá lọ́dọ̀ àlùfáà? Mi ò gbà pé ẹ̀tàn lásán ni ìgbàgbọ́ wọn. Ọba tó rán ọmọ rẹ̀ sọdá òkun fún ọdún mẹ́wàá mọ ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n Bìní wà lẹ́yìn rẹ̀, ó lágbára, kò sì tíì gbàgbé. Ọba kékeré tó ní ọba Pọ́túgà lọ́rẹ̀ẹ́, tó sì ń kọ lẹ́tà sí Póòpù bí António Domingos, ọba Iwere, ti ṣe ní 1652, ẹnikẹ́ni kò lè pè é ní ẹrú Bìní. Ìsìn ni ìwé ẹ̀rí òmìnira rẹ̀. Ohun tó fà á tí ìsìn náà kò fi ta gbòǹgbò kọjá ààfin kò le. Ibà ń pa àwọn àlùfáà. Ọkọ̀ Potogí ń dín kù, nítorí pé àwọn Dọ́ọ̀ṣì àti Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́, yanrìn tó sì gbára jọ sẹ́nu àwọn odò náà kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé dáadáa. Níbi tí ọkọ̀ kò bá dé, àlùfáà kò ní dé. Nígbà tí Beecroft, ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìbẹ̀wò sí Warri ní 1840, àjákù ohun ìsìn ló kù fún un láti rí.

Ohun tí ọkọ̀ ń wá ti di ẹrú. Orúkọ Escravos fúnra rẹ̀, odò àwọn ẹrú ni Potogí ní lọ́kàn tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún fi ń lọ sópin, Landolphe, ọ̀gá ọkọ̀ ará Faransé, gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Olú, ó sì kọ́ odi ìṣòwò sí ẹnu odò Benin, ní àgbègbè Ugborodo, ní 1786. Ó mú Boudakan, ọmọ ìdílé ọba, lọ sí Faransé. Àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá a du ọjà kọlu odi náà ní 1792, wọ́n sì pa á run. Àlejò tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ugborodo lónìí kò ní rí ògiri kan tó dúró, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n sọ fún un pé orí ẹrẹ̀ yìí ni orílẹ̀-èdè méjì ti Yúróòpù ti jà nítorí àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n fẹ́ dè lọ. Ó yẹ kí wọ́n sọ fún un pẹ̀lú pé alárinà òwò náà, ọmọ ilẹ̀ ni. Ìtàn tó bá yọ èyí sílẹ̀ kò pé.

Òpin òwò ẹrú àti ìbẹ̀rẹ̀ òwò epo pupa ló fọ́ Ode-Itsekiri. Olú Akengbuwa kú ní 1848. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní ọba tó le ni, pé ó bá àwọn ìjòyè rẹ̀ jà, ó sì fi wọ́n ré kó tó kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó yẹ kó jọba kú tẹ̀ lé e láìpẹ́. Ẹ̀rù ba ìlú. Iye, ọmọ ọba obìnrin, gbìyànjú láti di àkóso mú, ṣùgbọ́n àwọn ẹrú ọba dàlú rú, àwọn ènìyàn sì tú ká. Ọdún 88 ni ìtẹ́ fi ṣófo, títí di 1936. Àwọn ọ̀mọ̀wé bí Peter Lloyd àti Obaro Ikime kò fi ọ̀rọ̀ ègún ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́ka sí nǹkan mìíràn. Kí Akengbuwa tó kú ni ọjà ti kúrò ní Ode-Itsekiri. Àwọn ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ra epo ti kó sí odò Benin, àwọn ìjòyè olówó sì ti lọ kọ́ ìlú tiwọn sí ẹ̀bá ibẹ̀: Jakpa, Batere, Ebrohimi. Ọba wà níbi tí kò sí ọjà mọ́. Àwọn tó yẹ kó yan ọba tuntun ti di ọba lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èrè wo ni wọ́n fẹ́ rí nínú kí ẹnìkan tún máa jókòó lé wọn lórí?

Òwò epo pupa, àwìn ló ń jẹ́ kó rìn. Òyìnbó á kó aṣọ, iyọ̀, ìbọn àti ọtí fún ìjòyè láìgbowó. Ìjòyè á kó wọn wọ inú ilẹ̀ Urhobo, á sì fi epo san gbèsè lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Láti lè ṣe èyí, ó nílò ọkọ̀ tó pọ̀, atukọ̀ tó pọ̀, àti ìbọn tí yóò dáàbò bo ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé oníṣòwò ṣe di ẹgbẹ́ ogun. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan gómìnà odò, ẹni tí yóò máa gba owó bodè, tí yóò sì máa parí ìjà: Diare ní 1851, Tsanomi ní 1870, Olomu lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà Nana ọmọ Olomu ní 1884.

Olomu ló tẹ Ebrohimi dó. Inú ẹrẹ̀ ni, wọ́n ru iyanrìn àti amọ̀ dà sínú àbàtà títí ilẹ̀ fi le, wọ́n sì kọ́ ilé sórí rẹ̀. Nana sọ ọ́ di ìlú tó lágbára jù lórí odò Benin. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀, ẹ̀ka odò tóóró tí igbó ẹ̀gbà bò lọ́tùn-ún lósì. Ní 1884, nígbà tí Hewett, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, mú ìwé àdéhùn wá, Nana àti àwọn ìjòyè fọwọ́ sí i, àfi ìlà tó sọ pé kí òyìnbó máa ṣòwò níbikíbi tó bá wù ú àti èyí tó sọ̀rọ̀ nípa àwọn míṣọ́nárì. Wọn kò gba ìwọ̀nyẹn. Ní 1886, tí owó epo já wálẹ̀ ní Yúróòpù, tí àwọn oníṣòwò fẹ́ fi àdánù náà lé àwọn ìjòyè lórí, Nana dá ọjà dúró. Kò tún sí ohun tó lè bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nínú ju èyí lọ. Wọ́n fẹ́ wọ inú ilẹ̀ fúnra wọn, kí wọ́n ra epo lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ́ ọ, alárinà tó mọ ìdíyelé sì wà lójú ọ̀nà.

Ní 1894, Ralph Moor, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní kí Nana wá bá òun sọ̀rọ̀. Nana kò lọ. Ọdún méje péré ṣáájú ni wọ́n ti pe Jaja, ọba Opobo, sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì gbé e lọ. Nana fi àwọn ìtì igi ńlá dí ẹnu odò rẹ̀, ó sì to ìbọn àgbá sẹ́yìn wọn. Ní oṣù kẹjọ, ọkọ̀ kékeré kan láti inú ọkọ̀ ogun Alecto wọ ibẹ̀, ìbọn sì dún láti inú ẹ̀gbà. Àwọn atukọ̀ kan kú. Wọ́n tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹrẹ̀ dá wọn padà. Ọkọ̀ ogun mìíràn wá darapọ̀, Dogho ọmọ Numa, tí ìdílé rẹ̀ ti ń bá ti Olomu du ipò tipẹ́, sì wà lẹ́yìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ebrohimi ṣubú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka ìbọn àgbá tó ju ọgọ́rùn-ún lọ níbẹ̀. Nana gba ojú omi sá lọ sí Èkó, ó sì fi ara rẹ̀ lé Gómìnà Carter lọ́wọ́. Wọ́n ṣe ẹjọ́ rẹ̀ ní Calabar, wọ́n sì gbé e lọ sí ìgbèkùn ní Accra.

Ta ni Nana? Ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pè é ní akónilẹ́rú àti aninilára. Àwọn ọmọ Ìṣẹ̀kírì púpọ̀ ń pè é ní akọni tó kọ̀ láti ta ilẹ̀. Láwọn ìlú Urhobo kan, ohun tí wọ́n rántí ni àwọn ọmọ rẹ̀ tó wá fi ipá mú ènìyàn ní ìdógò nítorí gbèsè epo. Ikime, ọmọ Isoko tó kọ odidi ìwé kan lórí Nana ní 1968, kò bo èyí mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé kì í ṣe nítorí ìwà ìkà ni Moor ṣe dojú ìjà kọ ọ́. Ọjà ni. Bí Nana bá ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ òyìnbó, ìdógò gbígbà kò ní sọ ọ́ di ọ̀tá ẹnikẹ́ni ní London. Mo gbà pẹ̀lú Ikime. Mo sì gbà pé kò yẹ kí ẹni tó ń mú àlejò wọ ilé Nana fi ọ̀rọ̀ àwọn Urhobo pamọ́.

Ilé náà wà ní Koko. Wọ́n jẹ́ kí Nana padà ní 1906, ó kọ́ ọ síbẹ̀, ó sì kú síbẹ̀ ní 1916. Ìjọba àpapọ̀ kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1990, ó sì ti di mùsíọ́ọ̀mù tó ń pa ohun ìní rẹ̀ àti àwọn ìwé rẹ̀ mọ́. Koko kan náà ni ọkọ̀ láti Ítálì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí olóró wá dà sí ní 1987 àti 1988, nínú àwọn dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n kó sí àgbàlá ẹnìkan tí kò mọ ohun tó wà nínú wọn. Aráyé gbọ́, ìjọba bínú, wọ́n fi agbára mú Ítálì kó o padà, ọ̀rọ̀ náà ló sì bí àjọ àbò àyíká àkọ́kọ́ ti orílẹ̀-èdè wa, FEPA, ní ọdún 1988 yẹn. Ohun tó fa òwò epo wá sí Koko, omi jíjìn tó ń gba ọkọ̀ òkun, òun náà ló fa ìdọ̀tí yẹn wá.

Lẹ́yìn Nana, agbára ṣí lọ sí ìgboro Warri nítorí pé ibẹ̀ ni òyìnbó jókòó sí. Dogho di ojú àti ẹnu ìjọba. Láàárín 1906 àti 1911 ó fọwọ́ sí ìwé háyà ilẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórúkọ àwọn Ìṣẹ̀kírì, orí ilẹ̀ wọ̀nyẹn sì ni ọ́fíìsì àti ilé ìṣòwò dúró sí. Gbogbo wàhálà Warri láti ìgbà náà wá ní ẹsẹ̀ kan nínú àwọn ìwé yẹn. Àwọn Urhobo Agbassa pe Dogho lẹ́jọ́ ní 1926. Wọ́n ní ilẹ̀ àwọn ló fi háyà. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Privy Council, ilé ẹjọ́ àgbà ní London, wọ́n sì dá Dogho láre. Nígbà tó yá, ìdílé Okumagba ti Okere-Urhobo jà fún ilẹ̀ mìíràn nínú ìlú yìí kan náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà sì dá wọn láre ní 1976. Gbogbo lọ́yà ní Nàìjíríà ló mọ ẹjọ́ yẹn, Idundun àti Okumagba, nítorí ibẹ̀ ni ilé ẹjọ́ ti to ọ̀nà márùn-ún tí a fi lè jẹ́rìí pé ẹnìkan ló ni ilẹ̀. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni ìtàn ìbílẹ̀. Nítorí náà, bí àgbà kan bá ń sọ ìtàn ìtẹ̀dó fún àlejò ní Warri, kí àlejò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó ní àbájáde ní kóòtù ló ń gbọ́. Okere ní ọdún Awankere rẹ̀, tí wọ́n fi ń rántí Ekpen tí wọ́n ní ó tẹ ibẹ̀ dó láti Bìní. Agbassa ní ọdún Idju tirẹ̀, tí àwọn ọkùnrin ti ń gbé àdá jó. Ó yẹ kí àlejò wo méjèèjì.

Dogho kú ní 1932. Ní 1936 ni wọ́n fi Ginuwa Kejì jẹ Olú, ààfin sì wá sí ìgboro Warri. Oyè náà ń jẹ́ Olú ti Itsekiri títí di 1952, nígbà tí ìjọba Ẹgbẹ́ Action Group ní Ìbàdàn yí i padà sí Olú ti Warri. Àwọn Urhobo, Ijaw àti Isoko tí wọ́n wà ní ẹkùn tó ń jẹ́ Warri bínú, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì yí orúkọ ẹkùn náà padà sí Delta kí oyè ọba má baà bo gbogbo wọn. A kì í sọ èyí tó nílé wa: ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn, tí ìṣèlú ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, wà lára ohun tó gbin ìjà síbẹ̀. Nígbà tí ẹkùn Midwest, tí Warri wà nínú rẹ̀, dá dúró ní 1963, ẹgbẹ́ NCNC gba ìjọba, wọ́n sì yọ Olú Erejuwa Kejì lóyè ní 1964, wọ́n lé e kúrò nílùú nítorí pé ẹgbẹ́ kejì ló ń ṣe. Ìjọba ológun ló dá a padà ní 1966.

Epo rọ̀bì tún gbé ojú ọjà padà sẹ́nu òkun. Ilé iṣẹ́ ìfọpo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ekpan ní 1978, ṣùgbọ́n Escravos àti Forcados ni epo fúnra rẹ̀ ń gbà jáde. Ní 1997, ìjọba gbé olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Warri South-West láti Ogbe-Ijoh ti àwọn Ijaw lọ sí Ogidigben ti àwọn Ìṣẹ̀kírì. Ẹni tí ìjọba ìbílẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni owó epo máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ogun ìlú tó tẹ̀ lé e ń kú, ń jí, títí di 2003, ó pa ènìyàn rẹpẹtẹ, ó sì sun ọ̀pọ̀ ìletò etí omi tí ìtàn wọn kò sí nínú ìwé kankan. Láàárín rẹ̀, ní oṣù keje 2002, àwọn obìnrin Ugborodo, ìyá àgbà àti ìyálọ́mọ, wọ ibùdó epo Chevron ní Escravos láìmú ohun ìjà, wọ́n jókòó tì í fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ilé iṣẹ́ náà sì fẹnu ṣèlérí iṣẹ́, iná àti omi fún wọn. Àwọn tó ní Ìjẹ̀bú ni baba àwọn ti wá nìyẹn, ní àgbègbè tí Landolphe kọ́ odi rẹ̀ sí.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 2021 ni wọ́n fi Atuwatse Kẹta jẹ Olú ní Ode-Itsekiri. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀, ó kéde pé òun mú ègún tí Erejuwa Kejì, bàbá bàbá rẹ̀, fi lé orí orílẹ̀-èdè nígbà tí wọ́n yọ ọ́ lóyè kúrò. Kí ọjọ́ náà tó dé, àríyànjiyàn ti gba ìlú. Ìkéde òfin 1979 lórí oyè náà ní ìyá ẹni tó máa jẹ Olú gbọ́dọ̀ jẹ́ Ìṣẹ̀kírì tàbí Ẹ̀dó, Yorùbá sì ni Olorì Durorike, ìyá rẹ̀. Àwọn tó kọ òfin yẹn rántí àpótí Ginuwa. Wọn kò ka ìtàn Ugborodo kún. Àwọn tó ní kí wọ́n fi í jẹ sọ pé ìlànà Iwere ti pẹ́ ju 1979 lọ, wọ́n sì ní ìyàwó Potogí tó bá Domingos dé kò ti Bìní wá.